Ìlà Pupa Lára Ògiri Ìyá Nafeesah

"Nafeesah! Omi àlùwàlá mi dà? Wọ́n ti pe ìrun Alásárì tán o!"

Ìyá rẹ̀ ló ń pè é láti inú yàrá. Ẹnu kànga ni Nafeesah dúró sí, okùn tó fi ń wọn omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kókó mẹ́ta ni Ilésanmí ta sára okùn náà láti ìsàlẹ̀. "Bí omi bá dé kókó kẹta," ó ti kìlọ̀ fún un, "má wojú ọ̀run rárá. Gbé ìyá ẹ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Kókó kẹta ti rin gbingbin.

Òjò kò sì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Oòrùn ń ràn yòò lórí páànù gbogbo lẹ́yìn òpópónà Àgọ́ Palace, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lójúmọmọ.

Ọmọ Èkìtì ni Ilésanmí, tó ń ṣèwádìí omíyalé ní yunifásítì. Ọdún méjì ló ti ń wọn omi inú kànga káàkiri Ìsọlọ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Nafeesah ń wọn tiwọn, tí yóò fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó ní ojú ọjọ́ ti yí padà, pé bí kánààlì bá kún, abẹ́ ilẹ̀ ni omi yóò gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló ń sọ o, ṣùgbọ́n létí Nafeesah, oyin ni.

Àṣìṣe kan péré ló ṣe. Ọ̀dà pupa ló fi fa ìlà ibi tí omi yóò dé sára ògiri yàrá Ìyá Nafeesah. L'Ékòó! Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dà pupa lára ògiri, ìjọba fẹ́ wólé ni? Kílẹ̀ tó ṣú, ìyá ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun bò ó. Ó ní kí Ilésanmí lọ wọn ilé bàbá tiẹ̀.

Nafeesah sáré wọ yàrá, ó sì dúró gbagidi. Ọ̀dà funfun ń ṣí bọ́ lára ògiri bí ìpẹ́ ẹja. Ìlà pupa ti yọ padà, ó tọ́ gbọnrangandan. Èèrà tó gbé ẹyin, ìgbín wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ló wà lókè ìlà náà. Kò sí ẹyọ kan nísàlẹ̀.

"Màámi, ẹ wo ògiri."

"Kí ni n ó wò? Ọmọ yẹn ló fi okùn so ọkàn ẹ mọ́ kànga!"

Nafeesah tẹ nọ́ńbà Ilésanmí. Kò lọ.

"Ẹ jẹ́ á lọ sókè, sí yàrá Alájì Àbdùlgàfár, ará ilé wa."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi tó ti rọ yìí? Kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Ìyá fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ó yára fa ọwọ́ náà padà. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín táìlì, ó ń yọ, ó ń padà.

Ohùn ìyá wálẹ̀. "Nafeesah... ilẹ̀ yìí ń mí."

Ọmọ kò tún dúró de ìpè ẹnikẹ́ni. Ó lóṣòó, ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. "Ẹ gùn mí. Ẹ̀yin náà ti pọ̀n mí rí."

Ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń kígbe pe àwọn ará ilé. Nígbà tí wọ́n dókè, àwọn ará ilé ti ń gun àtẹ̀gùn tẹ̀ lé wọn. Nísàlẹ̀, ìdérí kànga ń gbọ̀n: kó, kó, kó, bí àlejò tó mọ ilé.

Ìyá di ọrùn ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Bí ọmọ Èkìtì yẹn bá pè," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ní kó mú ọ̀dà pupa ẹ̀ bọ̀."