Bí Jasuben Ṣe Fẹ́ Fi Ayé Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí Jasuben ti pín ẹrù rẹ̀ tán ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dìde lọ sí ilé ìdáná. Bó bá dé ibẹ̀, yóò ṣí ìkòkò wò, yóò tún dé e, bíi pé nǹkan kan sọnù tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Opó oníṣòwò aṣọ ni, ní ìlú Patan, ilé wọn kò sì mọ ìṣẹ́. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni ó ní ayé ti sú òun, òun yóò dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó fi ilé àti ohun ìní sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, àwọn tí kì í wọ bàtà, tí kì í wọ ọkọ̀, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ onírun àgùntàn gbá ojú ọ̀nà kí wọ́n má baà tẹ kòkòrò pa. Nilesh ọmọ rẹ̀ sunkún títí, kó tó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ tí yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́. Jasuben pín wúrà, ó pín ilẹ̀, ó pín ìkòkò bàbà. Aṣọ pàtólà ìgbéyàwó rẹ̀, sílíìkì tí àwọn ahunṣọ pẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó parí, ó fi í fún Hetal, ìyàwó Nilesh.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá Hetal láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn ìrọ̀rí tuntun wà lórí àga, pàtólà pupa ni wọ́n fi bò wọ́n.

"Hetal! Ta ló ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ yìí?"

Hetal gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Èmi ni, Màmá. Ó ti ya létí, mi ò lè wọ̀ ọ́ jáde."

"Aṣọ tí mo wọ̀ wọlé ọkọ! Ìwọ wá ń fi ìdí jókòó lé e!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fún mi ni àbí ẹ yá mi?"

Jasuben já ìrọ̀rí kan gbà mọ́ra, Hetal sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Lánàá, ẹ ní mi ò mọ ìkòkò bàbà fọ̀. Níjẹta, ẹ ní kí Nilesh má gbin òwú sórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ ní ẹ ti jáde nínú ayé, ẹ wá ń yọjú wò ó lójú fèrèsé."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ lọ!"

Ó jáde, ó gba ilé Zubeda lọ. Mùsùlùmí ni Zubeda, ògiri kan ló pín ilé wọn, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n sì ti jọ ń bú ara wọn. Zubeda ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"O rò pé béèyàn bá ti wọ aṣọ funfun, inú ẹ̀ náà á funfun? Nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, mo dúró ní Arafa, gbogbo èèyàn ń sunkún sí Ọlọ́run. Ṣó o mọ ohun témi ń rò?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni."

"Ewúrẹ́ mi! Bóyá ó ti bímọ, bóyá àna mi á ti tà á kí n tó dé."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sọ fún Ọlọ́run pé ewúrẹ́ ni mò ń rò. Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ?"

Jasuben kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀nà ilé tí àwọn aláṣọ funfun wọ̀ sí. Màhàrájì ni gbogbo ìlú ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí wọn. Ọmọ Jasuben fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ Jasuben kúnlẹ̀ fún un, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà. Màhàrájì ń rán aṣọ rẹ̀ tó ya, kò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ dá yẹn, báwo ló ṣe máa rí?"

Ojú Jasuben tàn. "Wọ́n ti yá erin, Màhàrájì. Orí ẹ̀ ni màá wà, màá máa fọ́n ìrẹsì àti ohun ọ̀ṣọ́ sáwọn èèyàn. Àwọn onífèrè ń bọ̀ láti Mehsana. Àwọn àbúrò ọkọ mi tó ní mi ò lè dá ṣàkóso ìsọ̀, iwájú ni wọ́n á jókòó sí, kí wọ́n lè rí mi dáa…"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

"Bí kò bá wá sí erin ńkọ́?" ni Màhàrájì wí. "Bí kò bá sẹ́ni tó máa wò yín?"

"Ṣé ẹ ń lé mi ni?"

"Mò ń bi yín ni."

Jasuben dìde pẹ̀lú ìbínú. Ó rìn yí ọjà po, ó rìn dé etí odò Saraswati, ó tún padà. Bó bá ní kí wọ́n dá erin padà, ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀: àyà obìnrin yìí ti já! Ẹ̀rín tí wọn kò tíì rín yìí dùn ún ju aṣọ tí wọ́n gé lọ. Ibẹ̀ ni ó ti rí i kedere. Ó ti kó wúrà sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyìn ló fẹ́ fi rà.

Nírọ̀lẹ́, ó pe Nilesh. "Dá erin padà. Fagi lé ọjọ́ náà."

"Màmá, a ti pe gbogbo ayé! Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé ìyá rẹ kò tíì múra tán."

Nígbà tí àwọn aláṣọ funfun ń kúrò nílùú, Jasuben tẹ̀ lé wọn. Kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, kò sẹ́ni tó fun fèrè. Hetal sìn ín dé ẹ̀yìn ìlú. Ó bá a fa etí aṣọ bo orí dáadáa, ó padà sílé.

Oòrùn mú, ọ̀nà gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ Jasuben bó. Nígbà tí wọ́n dé abúlé kan, obìnrin ilé kan gbé rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, àti ẹ̀fọ́ fún un.

"Ìyá, ará ilé ta ni yín?"

Jasuben oníṣòwò pàtólà, ará Patan: gbogbo rẹ̀ ti wà létè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Mo bá àwọn Màhàrájì rìn ni," ó ní, ó sì bu rótì jẹ.

Kò pẹ́ tó tún sọ fún obìnrin náà pé iyọ̀ inú ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù.