Mọ́tò Ọmọ Ọ̀gá

"Má fipá tì í! Rọra, Réwáyà, rọra. Dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn dàgbà jù ẹ́ lọ."

"Bàbá, mi ò fipá tì í. Ihò yìí ló fún."

"Ihò ò fún. Ọwọ́ ẹ ló ń kánjú."

Obìnrin tí wọ́n ń bá wí yìí fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú mọ́tò. Orí rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí nítòsí, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra lórí orúnkún kí ẹnikẹ́ni má baà rí i bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí gbígbọ̀n yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni kò ti lè fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Iṣẹ́ wáyà mọ́tò ló yàn láàyò, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Réwáyà. Bàbá gan-an kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó jọ pé ó ti gbàgbé orúkọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mọ́tò tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ eré ìgbà àtijọ́ ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, ìjókòó méjì péré ló ní, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹní. Nígbà tí Bàbá rà á, koríko ti ń hù níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà. Bàbá ló kan bọ́dì rẹ̀, òun ló sì jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dìde. Réwáyà ló na gbogbo wáyà inú rẹ̀, látorí iná iwájú títí dé ti ẹ̀yìn. Kò tíì lọ́kọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ti ń ga jù ú lọ báyìí.

Àwọn olówó a máa yà wọlé, wọn a ní àwọn fẹ́ rà á. Èsì kan náà ni Bàbá máa ń fún wọn: "Kì í ṣe títà. Ọmọ mi ló ni ín." Bí wọ́n bá tún ń rọ̀ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o, ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Àwọn èèyàn á wá yíjú sí Réwáyà: "Ọmọ Ọ̀gá, ọlọ́kọ̀! Ayé ń yẹ ẹ́ o!" Òun náà á tẹrí ba, á máa fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í dùn mọ́? Bí Bàbá ti le tó nì, tí kì í yin èèyàn, tí kì í ní "o ṣeun", òun náà ló ń sọ níwájú gbogbo ayé pé mọ́tò tó fẹ́ràn jù lọ, ọmọ òun ló ni ín.

Ohun tó jẹ́ kí Réwáyà fi owó ara rẹ̀ ra rédíò fún mọ́tò náà nìyẹn. Rédíò tuntun ni, àmọ́ àwọn tó ṣe é fún un ní ojú àtijọ́: bọ́tìnnì yíyí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, irin dídán tó yí ojú rẹ̀ ká, àti abẹ́rẹ́ pupa tó ń rìn lórí nọ́ńbà. Inú rẹ̀ nìkan ni ti òde òní. Ó wá dà bíi pé wọ́n bí òun àti mọ́tò náà lọ́jọ́ kan náà ni.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nínú mọ́tò ìsinsìnyí, ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ irin bọ́dì. Ní ti ọkọ̀ àtijọ́ yìí, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí èèyàn bá kàn ki rédíò tuntun bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, èéfín ló máa kọ́kọ́ kọrin. Réwáyà ní kí àwọn yí iná ọkọ̀ náà padà látòkè délẹ̀. Bàbá fàáké kọ́rí.

"Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn," ó ní. "Ta ló ní kí o yí orí rẹ̀ padà?"

Wọ́n jiyàn náà títí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún wọ oúnjẹ, ó wọ ìkíni àárọ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, yí i. Tí yóò bá sáà dùn mọ́ ọlọ́kọ̀ nínú." Orí Réwáyà wú. Ó yíjú sí ògiri kí Bàbá má baà rí omi lójú rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ló bí ti òní.

"Ó ti wọlé!" ó ké látinú ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, eruku kún irun rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tan án."

Bàbá dìde, ó fi ìka gbígbọ̀n yí bọ́tìnnì. Iná rẹ̀ kọ́kọ́ tàn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Rédíò hó ṣáá fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan jáde ketekete, ó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Òjò lásán ló ń sọ, àmọ́ bàbá àti ọmọ dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ogún ni wọ́n ń pín.

"Réwáyà!" Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ ẹ ò ní í rọ. Ah! Kékeré á ya wèrè tó bá rí èyí."

Kékeré ni àbúrò Réwáyà, ọkùnrin, àwọn méjì péré ni Bàbá bí. Kékeré tí wọ́n ń pè é láti kékeré kò kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé báyìí. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú mìíràn. Látọjọ́ tó ti sọ fún Bàbá pé òun ò ní í fi gírísì jẹun láyé òun ni àárín wọn ò ti gún.

Réwáyà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wá wò ó. Màá gbé e yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan."

"Gbé ta ni? Òun ló máa gbé ìwọ. Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá mú un."

"Wá mú kí ni?"

"Mọ́tò rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rò pé ariwo rédíò ni kò jẹ́ kóun gbọ́ dáadáa. Ó na ọwọ́, ó pa á.

"Bàbá, ẹ ní ọmọ yín ló ni ín."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ṣé Kékeré kì í ṣe ọmọ mi ni?"

Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀, ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn. Ká ní ó fi bú u ni, Réwáyà ì bá mọ èsì tí yóò fọ̀.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ báwo?"

"Èmi tí mo na wáyà rẹ̀! Èmi tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi sùn lábẹ́ rẹ̀! Gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń pè mí ní ọlọ́kọ̀, etí yín ni wọ́n sì ń sọ ọ́ sí."

Ẹnu ya Bàbá. "Mo rò pé wọ́n ń bá ẹ ṣeré ni," ó ní. Ó tún jókòó. "Wò ó, Réwáyà, fara balẹ̀. Ọmọ yẹn ò wálé mọ́. Mo pè é títí. Kí ni mo ní tí mo lè fi fà á? Mọ́tò yìí nìkan ló wù ú ní kékeré. Ìgbà tí mo sọ fún un pé kó wá mú un, ó pè mí ní Dádì. Ṣé o mọ ìgbà tó ti pè mí ní Dádì kẹ́yìn?"

"Èmi wà nílé, Bàbá. Mi ò lọ síbì kankan."

"Mo mọ̀ pé o wà nílé. Ẹni tó wà nílé, kí la tún fẹ́ fi pè é wálé?" Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó fẹ́ fi oyin sí ọ̀rọ̀. "Ọwọ́ mi ni ọ́, ìwọ. Ta ló ń ta ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́rẹ?"

Ó rò pé òun yìn ín ni o! Ó tilẹ̀ na ọwọ́ gbígbọ̀n náà kó fi gbá a léjìká. Réwáyà yẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó délé. Télọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìjókòó.

Ọkùnrin náà bi í pé, "Wọ́n dárúkọ ẹ rí?"

"Báwo?"

"Mo ní, Bàbá fúnra wọn, ṣé wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ rí pé ìwọ lo ni mọ́tò yẹn?"

Réwáyà ń ro àwọn ọjọ́ tó ti kọjá. Ó ń wá a lọ́kàn, ó ń wá a. Ọmọ mi. Ọlọ́kọ̀. Ọmọ mi. Kò rí ọjọ́ kankan mú.

"Wọn ò parọ́ fún mi," ó ní. "Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní wọ́n parọ́ ni, ṣebí mi ò bá fi pariwo?"

"Lọ yọ rédíò ẹ. Ìwọ lo rà á."

"Kí n gbé e síbo? Sára ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó di ẹkún. Ọkọ rẹ̀ pa iná áyọ́ọ̀nù, ó sì jókòó tì í.

Ọjọ́ Sátidé, Kékeré dé nínú aṣọ funfun báláú. Ó sáré wá dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi!" Réwáyà na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí gírísì má baà bà á láṣọ jẹ́. Kò lè bínú sí i. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. Ọmọ náà ò sì mọ nǹkan kan.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí. Dádì ní ẹ bá àwọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Díẹ̀."

Kékeré ki ara rẹ̀ sínú mọ́tò, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn. Ó yí èyí, ó tẹ ìyẹn, ó wá dé orí rédíò, ó ya ẹnu. "Rédíò bàbá-ńlá wo rèé? Èyí á kúrò níbí o. Màá ní kí wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù yìí sí i, kí wọ́n fi èyí tó ní ojú gbàǹgbà bíi tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀."

Kí wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù! Réwáyà yíjú sí Bàbá. Bàbá tó sọ ẹnu bátìrì di ìjà, tó ń pariwo lé e lórí pé kó rọra, kó rọra! Ó ń dúró de ìgbe tó máa tẹnu rẹ̀ jáde.

Bàbá wọ́ ẹ̀rín jáde. "Bó bá ṣe wù ẹ́, ọmọ mi. Tìẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Réwáyà ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìfẹ́ ni ó rí níbẹ̀, ojúlówó ìfẹ́ tí kì í jiyàn, tí kì í ní kéèyàn rọra. Òun ò tọ́ irú rẹ̀ wò rí.

Ó súnmọ́ fèrèsé mọ́tò. "Kékeré, ẹni tó bá máa yọ ọ́, sọ fún un pé nẹ́gétíìfù ló wà lára bọ́dì báyìí, pé a ti yí i. Kó má lọ fi jó ọ mọ́nú ẹ̀."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ ṣé."

Bàbá ti ń wọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó pẹ́ kó tó ká orúnkún wọlé. "Réwáyà, bá mi ti ilẹ̀kùn yìí." Ó bá a tì í. "Mọ́tò Tíṣà wà níbẹ̀ yẹn o, kò fẹ́ jí. Tíṣà á dé láìpẹ́." Mọ́tò náà bú ramúramù, ó sì jáde sójú títì, Bàbá ń gbé ọwọ́ sókè sí gbogbo ará àdúgbò.

Kò pẹ́ tí Tíṣà fi wọlé lóòótọ́. Àgbàlagbà ni, oníbàárà wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bá Réwáyà níbi tó ti ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, tó ń fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá.

"O kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá dà?"

"Wọ́n bá ọmọ wọn jáde, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ wọn wo? Ṣebí ìwọ ni ọmọ wọn."

Réwáyà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó fi í sórí àpótí tí Bàbá máa ń jókòó lé.

"Rárá, sà. Mo kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀ kẹ̀? Ta ló máa wá bá mi wo mọ́tò mi báyìí?"

"Ẹ jókòó dè wọ́n," ó ní, ó sì mú báàgì rẹ̀. "Ọmọ wọn á bá yín ṣe é."