Àmín Mẹ́tàlélógójì

"Dádì, mélòó lẹ kọ síbẹ̀?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ta ló ka ìbò náà?"

"Èmi ni."

"Ìbò wo gan-an ni wọ́n dì?"

"Wọ́n ṣe àmín."

Nusaiba yí padà. Ó gòkè lọ, ó ń wá ìborùn ìyá rẹ̀ tó fẹ́ mú padà sí Third Ward, níbi tó ti ń kàwé. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí mi. Ó ku èmi àti fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin yìí lójú fóònù. Aago márùn-ún ni gbèdéke, aago mẹ́rin sì ti kọjá. *Ìbò mélòó ni wọ́n fi yàn ọ́?* Àlàfo kékeré kan báyìí. Mẹ́tàlélógójì jókòó sínú rẹ̀ bí àlejò tí wọn ò pè.

Àmín kì í ṣe ìbò, àbí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nínú ẹgbẹ́ àwa ará ilé nílẹ̀ òyìnbó níbí, ta ló ti dìbò rí? Wọ́n á dárúkọ ẹni, Ààfáà á ka Fátíhà, ó parí. Bí a ṣe yan alága nìyẹn. Bí a ṣe yan akọ̀wé... Ta ló máa ní òun ò gbà, nígbà tí Fátíhà ti bẹ̀rẹ̀? Àádọ́ta àga ni mo háyà lọ́jọ́ náà. Méje ṣófo. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ náà — ọjọ́ fìdáù Hàwáù, ọdún kan géérégé tí ìyàwó mi kú. Ilé kún. Táyéwò alága sọ nǹkan sétí Ààfáà, Ààfáà sì mú un mọ́ dùá: kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ Hàwáù, kí Ó sì gbé ọkọ rẹ̀ dé ilé aṣòfin. Kò mí sáàárín méjèèjì. Èémí kan, àmín kan. Àmín náà mi gíláàsì lára fèrèsé.

Ilé aṣòfin fìdíhẹ... Ilẹ̀ òkèèrè tí bàbá mi gbé aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tà, tí wọ́n bí mi sí, àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀. Wọ́n tú ilé aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn ká, wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀. Ọgọ́fà àga. Ọgbọ̀n fún sójà. Àwọn ọba ní tiwọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, obìnrin, ọ̀dọ́, aláàbọ̀ ara. Márùn-ún fún àwa tá a wà lẹ́yìn odi, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìbò fà kalẹ̀. Olórí ológun ló ń buwọ́ lu gbogbo orúkọ. Iṣẹ́ àwọn aṣòfin náà ni kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n bi àwọn mínísítà ní ìbéèrè, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ ṣe de ìdìbò. Ọdún méjì péré. Nígbà tó pé, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un fún ara wọn. Mo wò ó lórí fóònù yìí. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí...

Bí ìgbà tí Ààfáà bá ní ká tẹ́wọ́ àdúrà.

Mo mọ̀. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Kí ló wá dé tí mi ò pa mẹ́tàlélógójì yìí rẹ́?

"Onọ́rébù Moshood! Ẹ ti débẹ̀ ná!" Táyéwò nìyẹn, lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, ta ló tún pè mí? Obìnrin kan ní League City tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kọṣẹ́, pé kí n wá tún un ṣe. Ooru ló ń rántí mi. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù, fóònù mi náà á tutù.

Hàwáù ló ní ká kó wá sí Fulshear níbí, pé àyè wà. Àyè wà lóòótọ́. Yàrá márùn-ún, ife kan. Tí mo bá sín, mo máa ń dúró díẹ̀... lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣàdúrà fún ara mi.

Níbẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́fà ènìyàn nínú gbọ̀ngàn kan. Bí n kò bá tilẹ̀ la ẹnu, ẹnì kan á wà lọ́tùn-ún mi, ẹnì kan á wà lósì. Bí mo bá sín —

Áà.

Moshood, ṣé nítorí èyí ni? Kì í ṣe òfin. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí. Ẹni tó máa jókòó tì ọ́ lò ń wá. Ìyẹn lo ṣe fẹ́ bá wọn gbọ́wọ́ sókè.

Nusaiba ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìborùn Hàwáù wà lọ́rùn rẹ̀, aláwọ̀ osùn yẹn. Mo fa àga kan fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fun fèrè ọkọ̀ níta. Kò jókòó. Mẹ́tàlélógójì ṣì wà lójú fóònù, ìka mi sì wà lókè rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ṣílẹ̀kùn, ó bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, èmi náà wà lára mẹ́tàlélógójì yẹn. Mọ́mì ni mo ṣe àmín fún o."