Àgádágodo Rauf

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó fọwọ́ kan àgádágodo ẹlòmíì ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Sàngó. Gbogbo wọn ló mọ̀. Bí mo bá ti kẹ́yìn, Ìyá Àgádágodo ni wọ́n ń pè mí, èmi Ẹfúnkẹ́ tí n kò tíì lọ́kọ, tí n kò sì tíì bímọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, torí pé orúkọ náà dùn mọ́ mi ju Injiníà lọ.

Páìpù ni iṣẹ́ mi. Bọ́ílà wa máa ń se omi títí yóò fi di ooru alágbára tí à ń pè ní sítíìmù, páìpù á sì gbé e lọ sábẹ́ ìkòkò ńláńlá tí a ti ń se ọṣẹ. Sítíìmù kì í bá ènìyàn ṣeré. Ara tó bá kàn, bíbó ló máa bó o. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tú páìpù, a ó ti fáàfù tó ń dá sítíìmù dúró, onítọ̀hún á fi àgádágodo tirẹ̀ sí i, á sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹni tó tì í ni yóò ṣí i. Bí àgádágodo bá ṣì wà lórí fáàfù, ènìyàn wà nídìí páìpù nìyẹn, kò sí àlàyé míì.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, oríkèé páìpù kan ń jò nínú kòtò tó wà lẹ́yìn ìkòkò, Rauf ni mo sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó fẹ́ ti fáàfù ńlá ẹnu bọ́ílà, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní rárá. Fáàfù yẹn ti darúgbó. Yíyí ni à ń yí i bíi ìdarí ọkọ̀, ojú kò sì lè sọ bóyá ó tì tàbí kò tì. Mo mú un lọ síwájú, níbi tí fáàfù méjì ti tẹ̀lé ara wọn, tí táàpù kékeré kan wà láàrin wọn. Àwọn yẹn ní apá: bí apá bá dábùú páìpù, ó ti tì, bí ó bá bá páìpù lọ, ó ṣí. A ti méjèèjì, a ki ṣéènì kan bọ apá wọn, àgádágodo Rauf sì jókòó sẹ́nu ṣéènì. A wá ṣí táàpù àárín sílẹ̀, kí sítíìmù tó bá yọ́ kọjá fáàfù àkọ́kọ́ lè gba ibẹ̀ jáde sí ìta, kó má lọ bá ènìyàn nínú kòtò.

"Injiníà, ẹ mà fẹ́ràn wàhálà o," Rauf ní. "Fáàfù méjì, táàpù kan, nítorí èmi nìkan?"

"Mo fẹ́ kí o fojú rí ọmọ rẹ ni," mo dá a lóhùn.

N kò fi ṣàwàdà. Mùbárákà ìyàwó rẹ̀ ti wà ní ọsibítù ní Ọ̀tà láti àná. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Oyún ti wá, oyún ti lọ, Rauf kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ńṣe ló kàn ń pa wá lẹ́rìn-ín sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ló lé e wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, wọ́n ní ìrìn tó ń rìn káàkiri ń kó àárẹ̀ bá àwọn.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Fákọ̀yà, tó ń darí sísè ọṣẹ, wá bá mi. Òógùn bò ó.

"Ẹfúnkẹ́, ọṣẹ ń dì nínú ìkòkò. Bó bá dì tán, ṣọ́bìrì la máa fi hú u jáde."

"Àgádágodo Rauf ṣì wà níbẹ̀, sà."

"Rauf ti lọ. Ìyàwó ẹ̀ ti bí. Àwọn security ní ọ̀kadà ò tíì dúró dáadáa tó fi fò lé e."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ sínú páálí gbé orin, èmi náà sì jó. Mo jó dáadáa. Fákọ̀yà dúró títí mo fi mí kanlẹ̀, ó wá rọra sọ pé, "Ẹni tó tì í ti lọ, iṣẹ́ ti parí. Jẹ́ ká fi ayùn gé e."

A pe fóònù Rauf, kò gbé e. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Fákọ̀yà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó bá ti fi ṣọ́bìrì hú ọṣẹ rí ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n gbà. Àmọ́ mo wo táàpù àárín, mo rí sítíìmù tó ń yọ níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Fáàfù àkọ́kọ́ kò dì dáadáa. Fáàfù kejì nìkan ló kù láàrin sítíìmù yẹn àti kòtò.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú kòtò," mo ní.

"Ta lo fẹ́ wò níbẹ̀?" Fákọ̀yà béèrè. N kò mọ̀, mo sì lọ.

Akíndé ni mo bá níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Rauf tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ páìpù. Ó ti dòbálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó ń fún nọ́ọ̀tì, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó ki nǹkan bọ etí nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí à ń sọ. Mo fà á léjìká, ó sì yọrí sókè.

"Kí lo ń ṣe níbí?"

"Rauf ní kí n bá òun parí ẹ̀, Injiníà. Ìyàwó ẹ̀ ti bímọ."

"Àgádágodo tìẹ dà?"

Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà. "Tiẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni èmi àti Rauf bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan sọ́tọ̀?"

Bá a ṣe jẹ́ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ká bá òun gbé ẹrù, orí òṣùká tiẹ̀ náà la ó gbé e lé. A kì í lọ wá tiwa. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ náà ló sì kù díẹ̀ kó bó Akíndé láàyè. Mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ó fẹ́ padà sínú kòtò.

Fákọ̀yà ti tẹ̀lé mi wá pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Nígbà tó rí orí Akíndé tó yọ láti inú kòtò, ó gbé ayùn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ń sùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mà á lọ gbé Rauf fúnra mi," ló sọ nígbà tó yá. "Kó wá ṣí nǹkan ẹ̀."

Akíndé fi àgádágodo tirẹ̀ kún ti Rauf, ó parí iṣẹ́, a sì dúró. Nígbà tí mọ́tò Fákọ̀yà padà dé, Rauf sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Obìnrin ni," ó ní.

"O lọ láìṣí i," mo ní, bí ẹni tínú rẹ̀ kò dùn.

"Mo gbọ́ tó ké lórí fóònù ni, Injiníà. Ẹsẹ̀ mi ló lọ, èmi kàn tẹ̀lé e ni."

Ó ṣí tirẹ̀, Akíndé ṣí tirẹ̀. A ti táàpù àárín, a sì rọra ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, kí páìpù lè móoru kó má baà bẹ́. Etí ìkòkò nìkan ni ọṣẹ ti dì. Kò pẹ́ tó fi tún ń hó.

Níbi ìkómọ ní Ìjù, Àfáà pe ọmọ náà ní Ruqoyah. Ìdílé sọ tiwọn, wọ́n wá ní kí àwọn ọ̀rẹ́ náà fún un lórúkọ. Akíndé gbé e, ó wo ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ ìbí ọmọ yìí ìbá jẹ́ ọjọ́ ikú mi," ó ní. "Ẹ má sọ fún un. Ayọ̀ nìkan ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ayọ̀rìndé ni mo pè é."

Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í dárúkọ ikú níbi ìkómọ. Ẹkún kò jẹ́ kí n sọ ọ́.