Àwọn Tí Wọ́n Bí ní Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kìíní

Káàdì mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Àǹtí Rúlà kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fi rọ́bà dì wọ́n, ó kọ iye wọn sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọjọ́ karùn-ún. Mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹfà, mọ́kànlá. Láti aago méje àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró. Káàdì bo tábìlì mẹ́ta, ó bo àga, ó bo ilẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ní ààyè tirẹ̀, èèyàn kò sì lè gba àárín wọn kọjá àfi bó bá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba. Kì í fa ilà láìlo rúlà, kì í sì í ju bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́ nù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

“Oṣù kẹsàn-án ló máa léwájú,” Oníkọ̀ǹpútà wí láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wo òkìtì káàdì tí wọn kò tíì kà. Òun ló ń tẹ iye tí obìnrin náà bá pè sínú kọ̀ǹpútà. “Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá lójúmọ́. Àǹtí, ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìparí ọdún ni. Gbogbo bàbá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì rí nǹkan mìíràn ṣe.”

“Tẹ ohun tí mo pè. Ọjọ́ keje, mẹ́wàá.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì tí a kà lẹ́ẹ̀kan, méjì péré! Àwọn yẹn ló gbọ́n jù. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dàgbà.”

“Ọjọ́ kẹjọ, mẹ́sàn-án.”

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò gba ààyè tí wọ́n fún un. Káàdì ọjọ́ kìíní oṣù kìíní kún páálí ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá ni wọ́n, nínú ẹgbàajì arúgbó tó ń gba oògùn ọ̀fẹ́.

Ọ̀gá wọlé lọ́sàn-án. Kò tíì lo oṣù mẹ́rin nípò ọ̀gá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà tẹ káàdì mọ́lẹ̀, ó sì na ìka sí páálí méjèèjì.

“Àǹtí, ẹ fún mi lésì. Ṣé àwọn ìyá wọn jọ ṣèpàdé ni, kí wọ́n tó jọ rọbí lọ́jọ́ kan náà?”

Oníkọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rúlà kò rẹ́rìn-ín.

“Àwa la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Nígbà tí ètò oògùn ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ọ̀gá tó wà níbí nígbà náà ní kí n máa kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún ẹni tí kò bá mọ̀.”

“Ìwé àṣẹ náà dà?”

“Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́.”

“Ẹnu! Olú-iléeṣẹ́ ń pariwo pé òkú àti òpùrọ́ ló kún inú ìwé wa, ẹ̀yin ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹnu. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ gbé ìwé tó mọ́ lọ bá wọn. Ẹ fi òǹtẹ̀ ‘A Ti Yọ Ọ́’ lu gbogbo ohun tó wà nínú páálí méjèèjì. Mo ti sọ fún ilé oògùn kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà, kí ó lọ mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá.”

“Ọ̀gá, nígbà tí wọ́n bí àwọn wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń kọ ìwé ẹ̀rí ìbí.”

“Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ wa.”

Ó yí padà, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Afọṣọ wá sí ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé ìwòsàn náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fọ aṣọ ibùsùn ibẹ̀, tẹ̀jẹ̀ tẹ̀jẹ̀, tìgbẹ́ tìgbẹ́, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà. Abẹ́rẹ́ méjì lójúmọ́ ló mú un dúró.

“Akọ̀wé mi, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní n kò sí nínú ìwé mọ́. Mo ní kí wọ́n wò mí dáadáa, ṣé kì í ṣe èmi ni mo dúró síwájú wọn yìí ni?”

“Ọjọ́ ìbí yín ni, Màmá.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó pọ̀ jù.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bí mi. Báwo ló ṣe wá pọ̀ jù?”

Àǹtí Rúlà gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Abẹ́rẹ́ mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?”

“Ti ọ̀la àti ti ọ̀tunla. Bí mo bá ṣọ́ ọ lò, ó lè dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Má bi mí bóyá mo lè rà á. Ọmọ mi obìnrin tó ń ránṣọ ló ń bọ́ mi.”

“Ṣé ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín rárá?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Mo sọ ọ́ fún ẹ lọ́jọ́ tí o kọ mí sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá odò ni. Ìyá mi lọ wòran, àárín èrò ni ìrọbí ti mú un, ẹsẹ̀ afárá níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí o fi ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.”

Àǹtí Rúlà rántí. Ìlà gùn dé ìta lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn sí àṣẹ ọ̀gá àtijọ́, nítorí kò sí ohun tó kórìíra tó kí èèyàn máa fi àkókò ṣòfò. Arúgbó kan á bẹ̀rẹ̀ ìtàn òjò, òmíràn á gbé ìtàn ilé tó jó wá. Kí wọ́n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, òun á ti kọ ọjọ́ kìíní. Ọgọ́rùn-ún èèyàn lójúmọ́. Wọ́n yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Má dorí kodò,” Màmá Afọṣọ wí. “Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò lè gbàgbé. Èmi ti kó ti gbogbo ilé ìwòsàn yìí, ìdí nìyí tí nǹkan kì í fi í bọ́ lórí mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti dúró.

Oníkọ̀ǹpútà fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

“Àǹtí, ẹ mú káàdì ìyá yìí wá. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó di mẹ́sàn-án. Ta ni yóò mọ̀?”

“Irọ́ ni.”

“Èyí tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni?”

“Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ irọ́ kejì sórí káàdì kan náà. Ìyá yìí ní ọjọ́ tirẹ̀. Màá lọ wá a.”

“Ẹ̀yin àti ìwà títọ́ yín yìí,” Oníkọ̀ǹpútà wí, “ó máa pa ẹnì kan.”

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, Àǹtí Rúlà kò jẹun. Ó fi ìdajì wákàtí rìn dé afárá. Òkúta ìrántí wà lára òpó àkọ́kọ́, ìwé ìpolówó ti bò ó lórí ara wọn, irun omi aláwọ̀ ewé sì ti hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi èékánná ya ìwé kúrò, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ha irun omi náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. A ṣí afárá yìí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Ọdún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi mẹ́rin pín ọdún náà sórí bébà láti mọ̀ bóyá oṣù kejì rẹ̀ dé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, nǹkan kan ò ṣẹ́ kù. Ó tún un pín. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì yára rìn padà, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí èyí tí kò fúyẹ́ rí láti ìgbà pípẹ́.

Ọ̀gá ka bébà náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tún un kà.

“Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá.”

“Ó wà lára òkúta, sà. Ẹnikẹ́ni lè lọ kà á.”

“Òkúta sọ pé wọ́n ṣí afárá. Ṣé ó sọ pé wọ́n bímọ? Àǹtí, ẹ jókòó. Èèyàn méjì péré ló ní ọjọ́ yìí nínú ẹgbàajì. Nínú ọ̀sẹ̀ tí à ń yọ àwọn tó fi ọjọ́ tó pọ̀ jù parọ́, ẹ fẹ́ kí n fi èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ rọ́pò rẹ̀? Wọ́n á ní mo gba rìbá. Ká ní ọjọ́ gidi kan lẹ gbé wá, ọjọ́ bíi ti gbogbo èèyàn, mi ò bá má tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ọ̀gá, ká ní mo parọ́, ẹ ò ní wò ó?”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀.” Ó na ọwọ́ gba káàdì náà, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé àpò ara rẹ̀. “Kí n lè dá a mọ̀, bó bá tún fi ọjọ́ mìíràn yọjú. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lu.”

Òǹtẹ̀ wà lórí tábìlì. Àǹtí Rúlà lù ú lójú Ọ̀gá.

Màmá Afọṣọ dìde lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó rí Àǹtí Rúlà.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ọjọ́ yín ṣọ̀wọ́n jù.”

“Láàárọ̀ ó pọ̀ jù, ní báyìí ó ti ṣọ̀wọ́n jù.” Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó fara balẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kankan í lọ. “O rí ọjọ́ náà nígbà yẹn?”

“Mo rí i, Màmá. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì.”

“Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ó sọ ọ́. Arúgbó náà mú un sẹ́nu, ó rọra tún un wí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó di ara ògiri mú, ó ń lọ.

Òǹtẹ̀ lílù gba ọjọ́ kan àtààbọ̀, Oníkọ̀ǹpútà sì ń yọ wọ́n kúrò nínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń lọ. Ní Ọjọ́ Ẹtì, Oníkọ̀ǹpútà tẹ àwòrán kan jáde tó fi iye èèyàn hàn láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Kò sí òkè kankan lójú rẹ̀ mọ́, àfi oṣù kẹsàn-án tó ga díẹ̀. Ọ̀gá gbé e lọ sí olú-iléeṣẹ́. Wọ́n ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjábọ̀ àwọn tó kú. Òfin ọ́fíìsì ni pé bí ẹni tó ń gba oògùn ọ̀fẹ́ bá kú, ará ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ẹ̀dà káàdì tó wà lọ́wọ́ olóògbé padà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n dá padà lóṣù náà. Ọmọ Màmá Afọṣọ mú tìyá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, òwú ìránṣọ ṣì lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Kò jókòó.

“Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ tán,” ó wí. “Wọ́n ní kí n dá a padà.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

“Ẹ ṣé, mà.”

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, Àǹtí Rúlà ń pe nọ́ńbà káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, Oníkọ̀ǹpútà sì ń wá a.

“Kò sí,” ni Oníkọ̀ǹpútà ń dáhùn. “Kò sí. Kò sí. Èyí wà. Kò sí.”

Nígbà tí Àǹtí Rúlà dé orí ti Màmá Afọṣọ, kò pe nọ́ńbà, orúkọ ló pè. Oníkọ̀ǹpútà kò dápàárá. Ó wá a fún ìgbà pípẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

“Kò sí, Àǹtí.”

Ẹ̀rọ kò gba ikú ẹni tí kò sí nínú ìwé. Àǹtí Rúlà kọ iye tí ẹ̀rọ gbà, ó sì gbé e lọ fún Ọ̀gá láti fọwọ́ sí.

“Méjì!” Ọ̀gá wí. “Oṣù tó ṣáájú, méjìlá ni. Ẹ ò rí nǹkan? A lé àwọn òpùrọ́ lọ, àwọn aláìsàn wa sì ń sàn.” Ó fọwọ́ sí i, ó kọ ‘Ẹ kú iṣẹ́’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà.

Àǹtí Rúlà fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì. Káàdì méjìlélọ́gbọ̀n ló kù lórí tábìlì, kò sì sí àpótí tí wọ́n ń fi irú wọn sí. Ó kó wọn sínú báàgì ara rẹ̀, ó ti fèrèsé, ó kí Oníkọ̀ǹpútà pé ó di ọ̀la, ó sì lọ sílé.