Àpò Yangí Ẹnu Adágún

"Ta ló rán ẹ? Mo ní ta ló rán ẹ sí mi, Thierry?"

Mojísọ́lá ti gbá ọmọkùnrin náà lọ́rùn ẹ̀wù mú, kò sì ní in lọ́kàn láti fi í sílẹ̀. Ibi tí àgbàrá ti ń wọ inú adágún ẹja rẹ̀, níwájú ìlú Bouaké lójú ọ̀nà Brobo, ló ká a mọ́, níbi tó ti rọra ń tẹ́ àpò kan sínú omi bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Mojísọ́lá fi ẹsẹ̀ tú ẹnu àpò náà. Yangí ló kún inú rẹ̀, yangí pupa, àti ìkarahun ìgbín tí wọ́n sun tí wọ́n sì gún.

Òótọ́ ni pé Bouaké ni wọ́n bí i sí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì dàgbà sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀ ti wá, kò sì sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé yangí ni wọ́n fi ń ṣe ojúbọ Èṣù nílé. Kí ló wá gbé e dé ẹnu omi òun, tòun ti ìkarahun ìgbín?

Thierry yìí ló ń bá a bọ́ ẹja tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Mojísọ́lá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá gbogbo ẹja epìyà rẹ̀ tí wọ́n léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Bọ̀dá Ṣàkírù, ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń sin adìyẹ lókè adágún, ló ní kó wo ọ̀dọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Baoulé tó ń fún wọn lóúnjẹ. Ó sì wò ó. Ó lé e, ó tún sọ ìdí tó fi lé e fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Bí ẹja tọdún yìí bá tún kú, ó parí nìyẹn, kò ní sin ẹja mọ́.

"Tàntí, ẹ̀wù mi fẹ́ ya." Júlà ni Thierry fi sọ ọ́, èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. "Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Omi ni mo ń sẹ́."

"Níbo ni wọ́n ti ń fi yangí sẹ́ omi?"

"Madamu Mireille tó ń yẹ omi oko wò ní Brobo ló kọ́ wa. Ó ní nǹkan kan wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀, fọ́sífọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ omi di aláwọ̀ ewé. Tó bá pọ̀ jù, ẹja ò ní rí èémí mí. Yangí àti ìkarahun yìí máa ń dá a dúró. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló yé mi, àmọ́ mo rí i tó ṣiṣẹ́."

"Ìgbẹ́ adìyẹ ta?"

Thierry gbójú sókè, síhà ilé adìyẹ Ṣàkírù.

Irọ́ burúkú, ni Mojísọ́lá sọ nínú ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì yọ fóònù, ó pe Ṣàkírù.

Kò pẹ́ tí bàbá náà fi dé, ó ká jalamíà sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò kí ẹnì kankan. "Ìyá Jonas, ṣé mi ò sọ fún yín? Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́ kíá! Yangí rèé, àbí ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń fi yangí ṣe ni?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa àpò náà.

Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí fu Mojísọ́lá sí i. Ṣé Ṣàkírù náà rèé? Ṣàkírù tó máa ń fi ẹni tó bá bẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó máa ń pè wọ́n ní kèfèrí? Ìgbà wo ni Èṣù wá di ohun tó ń bà á lẹ́rù? Tó bá sì ń bà á lẹ́rù lóòótọ́, ṣé ọwọ́ lásán ni ì bá fi gbá a mú? Ó tú Thierry sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé ojú àgbàrá náà gòkè.

"Ibo lẹ ń lọ? Ẹrẹ̀ wà lọ́hùn-ún o!"

"Mo fẹ́ wo ibi tí omi ti ń wá."

Lẹ́yìn ilé adìyẹ, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù bo ojú ibì kan. Mojísọ́lá wọ́ ọ kúrò. Páìpù ńlá kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti ṣàn bí ẹ̀kọ ń ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sójú àgbàrá.

Ṣàkírù ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyá Jonas, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mi ò mọ̀ pé ó máa pa ẹja. Ìgbà tí wọ́n kú tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fura. Ara kan náà ni wá nílẹ̀ yìí, Anago ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Màá dí i lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá parí ẹ láàárín ara wa, kí ọmọ yẹn má gbọ́."

Thierry dúró nísàlẹ̀, ó ń wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tó fi bá Mojísọ́lá ṣiṣẹ́, Yorùbá tó gbọ́ ò ju "wá" àti "jẹun" lọ.

Ojú ti Mojísọ́lá. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀: Ṣàkírù á dí páìpù rẹ̀, ẹja á là, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó tiẹ̀ wù ú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lanu, ó sì fi Júlà pariwo tó fi dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pa ẹja mi, Bọ̀dá Ṣàkírù! Kì í ṣe Thierry! Ìgbẹ́ adìyẹ yín ni, ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò mí níran!"

Ṣàkírù yíjú padà, ó wọ ọgbà rẹ̀ lọ. Mojísọ́lá sọ̀ kalẹ̀. Thierry ti dá àpò rẹ̀ padà sáyè, ó ń ṣan ọwọ́.

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fojú ẹ rí, kí ló dé tó o tún wá ń ràn mí lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo wá ràn lọ́wọ́, Tàntí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní Brobo mọ́. Tí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún yín, ẹ ò ní gbọ́. Mo ní kí omi yẹn mọ́ ná, kí n tó wá pè yín wá wò ó."

Mojísọ́lá fẹ́ sọ pé kó má bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀. "Ọjọ́ ọjà Brobo lòní, àbí? Màá dé ibẹ̀. Màá sọ lójú gbogbo wọn pé ìwọ kọ́, pé mo purọ́ mọ́ ẹ ni."

"Ìyá mi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún," ni Thierry wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín lòun náà gbà gbọ́."

Mojísọ́lá nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà.

"Mú mi lọ bá a."