Fúláàṣì Inú Àpò Marketta

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

Ẹnjiníà Ensio Karvonen kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ń béèrè, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ìpàdé náà pẹ̀lú rẹ̀. Marketta Hyttinen ni. Òun ló ń nu àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin yẹn, òun ló ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ló sì ń tẹ orúkọ àwọn ará ilé àti àkókò tí kálukú ń wọ sáúnà, yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, sínú kọ̀ǹpútà. Ó di igi ìnulẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́, Ẹnjiníà."

"Ìwọ kọ́. Ṣé iwin ni? Èmi àti ìwọ nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí."

Marketta wo ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà dúdú lójú, ìlà funfun kan péré ló wà lórí rẹ̀, tó ń sọ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi dìde.

"Mo ti sọ ọ́ tipẹ́," ni Karvonen wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, omi àti ọṣẹ ló mọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ fún un, ó di òkú ẹ̀rọ. Ó dáa. Lọ́jọ́bọ̀, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ ilé yóò jókòó. Mo ti kọ ọ́ sí nọ́ńbà kẹrin nínú ètò ìpàdé: iṣẹ́ olùtọ́jú ilé. Iléeṣẹ́ tó lè ṣe é kún ìlú Varkaus."

Kò dárúkọ yàrá. Kò sí ìdí tí yóò fi dárúkọ rẹ̀. Yàrá kan àti ilé ìdáná tí Marketta ń gbé nísàlẹ̀ ilé yẹn, iṣẹ́ ló bá a wá. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Marketta mọ ẹni tó pa kọ̀ǹpútà náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú yàrá yẹn. Omi ti wọnú èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, Karvonen tó jẹ́ alága ní kò pọn dandan. Ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti tó ẹni tó bá ní ọpọlọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Marketta wọlé wá nu omi yìnyín tó ń kán sílẹ̀ lára bàtà wọn. Kọ̀ǹpútà ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pé kí ẹnikẹ́ni má pa òun, pé òun ti ṣe ìdá mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Karvonen kò kà á. Ẹni tó mọ ohun gbogbo kì í kàwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ó ki ti ẹ̀rọ kọfí bọ̀ ọ́. Kọfí hó. Màmá Impi àti àwọn tó kù wọlé, wọ́n mu kọfí, wọ́n fi búrẹ́dì dídùn tì í.

Marketta kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan lónìí. Ọ̀rọ̀ ta ni wọn yóò gbà? Ti ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ bébà ni, àbí ti obìnrin tó ń nu ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀?

Lórí àtẹ̀gùn ló ti pàdé Màmá Impi Lautala. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni màmá yìí, tísà ni tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ìgbìmọ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi.

"Marketta, wọ́n ní àkọsílẹ̀ sáúnà ti sọnù. Àwọn ará àjà kẹta ti ń jà báyìí. Kálukú ní òun ló ni aago mẹ́fà Sátidé. Ogún ọdún ni mo ti ń wọ sáúnà ní Ọjọ́bọ̀, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí pákó mi."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí. Ensio ní òun ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú fúláàṣì."

"Ó ní in, Mà. Ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ sáúnà rẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà sọnù."

Màmá Impi dúró. "Ó sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà wọ inú sáúnà?"

"Orí ìṣó lókè ló máa ń gbé e kọ́ sí, Mà. Níbi tó gbóná jù. Gbogbo Sátidé. Mo rí i lánàá. Ó ti rọ̀ bí àbẹ́là."

Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin àtẹ̀gùn mú. "Ọmọ yẹn! Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Kí n tó béèrè ìbéèrè tán, ó ti pariwo ìdáhùn, ìdáhùn náà kò sì ní tọ̀nà." Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ sí ilé ìkàwé lọ́la. Wọ́n ń ran àwọn tí ẹ̀rọ ń dà láàmú lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú."

"Bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́, Mà?"

"Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni ẹ̀rín pa rí?"

Ní ilé ìkàwé, Marketta fa nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ó sì jókòó dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà nídìí tábìlì dúró títí nọ́ńbà fi yọ lójú pátákó kó tó pè é. Sampsa lorúkọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Marketta sọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sójú, kò sọ ẹni tó fa wáyà.

"Kò kú, Mà," ni Sampsa wí. "Ètò tó ń gbé e dìde láàárọ̀ ló bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwé yín ṣì wà nínú rẹ̀. A máa kó ètò mìíràn sínú fúláàṣì. Kọ̀ǹpútà á tara fúláàṣì jí, kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ara rẹ̀."

"Bí arọ tí wọ́n gbé pọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣé ẹ ní fúláàṣì?"

Ó ní ọ̀kan, aláwọ̀ osàn, tó fi òwú so mọ́ inú àpò rẹ̀.

"Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́ o, Mà."

Marketta wo fúláàṣì náà. Bátànì ìbọ̀sẹ̀ híhun mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló fi kó wọn jọ. Ó ronú kan yàrá rẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́."

Bí ó ti ń kún, Sampsa ń sọ̀rọ̀, Marketta sì ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Kíá, ẹ máa tẹ F12 léraléra. Ẹ mú fúláàṣì nínú àwọn orúkọ tó bá jáde.

"Tó bá ti jí, á bi yín bóyá ẹ kàn fẹ́ dán òun wò, tàbí ẹ fẹ́ fi òun sínú kọ̀ǹpútà pátápátá. Dán an wò ni kẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá mú ìkejì, á nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà mọ́ fọ́fọ́. Bẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má fa nǹkan kan yọ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀."

Marketta fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn mẹ́rin ló jókòó sídìí tábìlì: Karvonen, Màmá Impi, àti tọkọtaya Nenonen tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbóhùn wọn rí nínú ìpàdé. Ẹ̀rọ kọfí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Marketta dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"A kò tíì dé nọ́ńbà kẹrin," ni Karvonen wí.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dán nǹkan kan wò lára kọ̀ǹpútà." Ó na fúláàṣì síta.

"Áà! Olùgbálẹ̀ wa ti di dókítà ẹ̀rọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ aláwọ̀ osàn wá."

"Jẹ́ kó dán an wò, Ensio," ni Màmá Impi wí. "O ti sọ pé ó kú. Kí ló tún kù tó lè ṣe òkú?"

Marketta bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó fa wáyà ẹ̀rọ kọfí yọ, ó ki ti kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Kíkùn kọfí dá wáí. Gbogbo wọn wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ó tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ F12. Ìka rẹ̀ pẹ́. Ìlà funfun ọjọ́sí náà ló tún jáde.

Karvonen bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe é, Dókítà. Kí akọ̀wé ìpàdé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ojú Marketta gbóná. Ó wo bébà rẹ̀. "Léraléra," ni bébà wí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó sì ń tẹ F12 bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Orúkọ mẹ́ta jáde. Ó mú fúláàṣì. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà àwọ̀ búlúù yọ bí ilẹ̀ tó ń mọ́, bọ́tìnnì méjì sì wà láàárín rẹ̀.

Karvonen ti dìde. Ó na ìka láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ti ìsàlẹ̀ yẹn. Fi í sínú kọ̀ǹpútà, kó parí. Kí lò ń wò? Tẹ̀ ẹ́!"

"Rárá, sà."

"O ní kí ni?"

"Ìyẹn á nù ún mọ́, sà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kà á."

Karvonen kò kà á. Marketta tẹ ti òkè. Ó ṣí ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà, ó rí orúkọ ilé, ó rí ọdún, ó rí àkọsílẹ̀ sáúnà. Màmá Impi fi ọ̀pá rẹ̀ tì í lẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Kà á sí wa létí."

Ó kà á sókè. Ọjọ́bọ̀, aago méje, Lautala. Sátidé, aago mẹ́fà, Nenonen. Ìyàwó Nenonen ń fi bírò kọ ọ́ sórí bébà ńlá láti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sáúnà, bó ṣe máa ń wà kí Karvonen tó ní bébà ti di ohun àtijọ́. Bí wọ́n ti ń parí, Karvonen na ara.

"Ó dáa. A dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹnì kan ló ba ẹ̀rọ ilé jẹ́, nọ́ńbà kẹrin sì ṣì wà níbẹ̀."

"Ensio," ni Màmá Impi wí, "lọ́jọ́ Ajé, a mu kọfí níbí."

"A mu ún. Kí ló kan kọfí?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì wo lo fi sè é?"

Karvonen wo fèrèsé, ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kú lẹ́bàá rẹ̀, èyí tó ní kò pọn dandan. Etí rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú sáúnà.

"Mo wà níbẹ̀," ni Marketta wí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ọ. "Ìdá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ṣe, sà."

Nenonen ọkùnrin wúkọ́. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà nínú ìgbìmọ̀, ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. "Kọfí ọjọ́ yẹn korò," ni ó wí. Ó sì fi bírò ìyàwó rẹ̀ fa ìlà gba orí nọ́ńbà kẹrin kọjá.

Karvonen kò bẹ̀bẹ̀. Irú wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Ó kàn gbé wáyà ẹ̀rọ kọfí, ó bẹ̀rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, ó ń ráhùn pé ó yẹ kí àwọn èèyàn ti mu kọfí wọn báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan wáyà kọ̀ǹpútà.

"Ẹ dúró," ni Marketta wí.

Ó yí orí padà láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, lórí orúnkún méjèèjì.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa kú lọ ni, sà. Kò tíì parí."

Ọwọ́ Ẹnjiníà Karvonen kúrò lára wáyà náà. Ó dúró lábẹ́ tábìlì. Marketta jókòó, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, kò kánjú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúdú tán, ó fa fúláàṣì rẹ̀ yọ, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó sì gbé igi ìnulẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ lè fà á báyìí."